Bí A Ṣe Lè Tún Ààlà Pa Nínú Kọ̀ǹpútà Àlòkù Láìsọ Ohun Inú Rẹ̀ Nù

Nínú gbogbo ohun èlò tí ó ti wọ ọwọ́ àwa olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, bóyá ni a lè rí èyí tí a gbẹ́kẹ̀ lé tó kọ̀ǹpútà. Láti Òkìtìpupa dé Igbótako, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lórí tábìlì ọ̀gá, kí orúkọ àwọn ọmọ, máàkì ìdánwò wọn láti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá, ìwé ìṣirò owó, àti ìbéèrè ìdánwò tí ń bọ̀, sì wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ìwé rẹ́jísítà àtijọ́ lè ya, ikán sì lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣòfò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣi ọwọ́ gbé nínú rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ ọdún mẹ́rin kí ó tó ṣẹ́jú.

Ìgbà kan tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ tún inú kọ̀ǹpútà àlòkù pín. Apá kan ti kún, apá kejì ṣófo. Kọ̀ǹpútà ń wọ́ bí ìgbín, ó sì ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé àyè kò sí mọ́. Àwọn ẹlòmíràn a máa sọ pé kò sí ọ̀nà kankan ju kí a nu gbogbo rẹ̀ nù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀nà wà tí a fi lè sún ààlà oko láìfa ohun ọ̀gbìn tu, bí a bá mọ ohun tí ààlà náà jẹ́, tí a sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú àti èyí tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n nìyí.

IBI TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ÀLÒKÙ TI Ń WÁ

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí a ń lò ni ó ti sin ọ̀gá mìíràn rí. A kó wọn wá láti òkè òkun, wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, a sì tà wọ́n ní ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkejà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ra àwọn dísìkì àlòkù ní Èkó, wọ́n sì yẹ inú wọn wò. Wọ́n rí i pé ìwé àwọn ẹni tí ó kọ́kọ́ ni wọ́n ṣì wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé, bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ yí ọwọ́ padà, dísìkì rẹ̀ ṣì lè gbé ìwà ọ̀gá àtijọ́ wá. Bí ó ti lè gbé ìwé rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ìpín rẹ̀ wá. Bí ó ti tẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ lọ́rùn ni ó pín in; kò sì dájú pé ìpín náà yóò bá iṣẹ́ tiwa mu.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ìtọ́jú tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Nítorí náà àwọn kan tí kò ní owó láti ra òmíràn ń fẹ́ fi Linux, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò gba àlejò sí ilé gbọ́dọ̀ wá yàrá fún un. Ẹni tí yóò sì wá yàrá nínú dísìkì gbọ́dọ̀ sún ààlà.

OHUN TÍ ÌPÍN JẸ́

Dísìkì tí mo ń wí yìí ni àpótí pẹlẹbẹ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí gbogbo ohun tí a bá kọ ń sùn sí nígbà tí a bá pa á. Nínú ti àtijọ́, àwo dídán kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń yí pẹ̀lú eré kíkan, apá tín-ín-rín sì ń lọ ń bọ̀ lókè wọn, ó ń kọ, ó sì ń kà. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Àádọ́ta àwo ni ó wà nínú èyí àkọ́kọ́ náà, síbẹ̀ mílíọ̀nù lẹ́tà márùn-ún péré ni ó lè gbà. Ní ọdún 1983, nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà XT jáde pẹ̀lú dísìkì mẹ́gábáìtì 10, ètò DOS 2.0 tí ó bá a rìn fi àyè sílẹ̀ láti pín dísìkì kan sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìlànà ìpín náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń tẹ̀ lé.

Kí ni ìpín náà gan-an? Kì í ṣe ògiri, a kò sì gé àwo náà sí méjì. Àkọsílẹ̀ ni. Ní iwájú pátápátá lórí dísìkì, àyè kékeré kan wà tí ó jẹ́ báìtì 512; báìtì kan sì ni àyè tí ó tó láti kọ lẹ́tà A tàbí B. Nínú 512 yìí, 446 wà fún àṣẹ tí ń jí kọ̀ǹpútà dìde, 64 jẹ́ ìwé ààlà, 2 tí ó kù sì jẹ́ àmì ẹ̀rí. Ìlà mẹ́rin ni ó wà nínú ìwé ààlà náà, báìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ń sọ pé ìpín báyìí bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, báyìí ni ó sì gùn tó. Ẹ wo bí ó ti kéré tó! Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú àròkọ yìí lè gùn ju ìwé tí ó ń ṣọ́ gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Nínú kọ̀ǹpútà òde òní, ìlànà tuntun tí ń jẹ́ GPT ti gba ipò rẹ̀; òun a máa ní ìlà 128, a sì máa fi ẹ̀dà ìwé ààlà pamọ́ sí ìparí dísìkì, kí iwájú má bàa bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ìwé kejì wà tí ó yàtọ̀ sí ìwé ààlà. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ìwé àkójọ kan wà tí ó mọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, tí ó sì mọ ibi tí ó sùn sí. Bí a bá fi wé oko, ìwé ààlà dà bí pèrègún tí a gbìn sí etí ilẹ̀: ó mọ ibi tí ilẹ̀ pin sí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí a gbìn. Ìwé àkójọ ni ó dà bí àgbẹ̀ tí ó mọ ibi tí ẹ̀gẹ́ wà àti ibi tí iṣu wà. Bí ẹnìkan bá fa pèrègún tu ní òru, tí ó lọ gbìn ín sí àárín oko, ẹ̀gẹ́ kò rìn kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oko ti di méjì, ẹni tí ó gba apá kejì yóò sì roko lórí ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Báyìí gan-an ni fáìlì ṣe ń ṣègbé.

ÈYÍ TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢÁÁJÚ

Nínú èyí ni a ti rí òfin kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan. Bí a bá fẹ́ dín ìpín kù, inú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A óò kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì tí ó wà ní apá ìparí wá sí iwájú, ìwé àkójọ yóò gbà pé ilẹ̀ òun ti dín kù, lẹ́yìn náà ni a óò tó sún ààlà. Bí ó bá sì jẹ́ pé a fẹ́ fẹ ìpín, ìta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: a óò kọ́kọ́ sún ààlà síwájú, lẹ́yìn náà ni ìwé àkójọ yóò nà dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá dojú ètò yìí dé yóò gé fáìlì tí ó sùn sí ìparí kúrò, tàbí kí ó jẹ́ pé ìwé àkójọ ń pe ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ tí ó dára, bí Disk Management tí ó wà nínú Windows àti GParted tí ó wà fún Linux, a máa tẹ̀ lé ètò yìí fúnra wọn. Láti ìgbà Windows Vista, ní ọdún 2007, ni Disk Management ti lè dín ìpín kù láìpa fáìlì inú rẹ̀ rẹ́.

KÍ A TÓ FI ỌWỌ́ KAN ÀÀLÀ

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a sún ààlà. Bí ìpín C bá kún, tí ìpín D sì ṣófo, nígbà mìíràn ohun tí ó ní láti ṣe kò ju kí a kó àwòrán, fídíò àti ìwé tí ó wà ní C lọ sí D. Ẹni tí ó ní yàrá tí ó ṣófo kò ní láti wó ògiri.

Èkejì, bí ó bá pọn dandan, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí a kò fẹ́ pàdánù sórí dísìkì mìíràn tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ẹ̀dà tí ó wà ní ìpín D nínú dísìkì kan náà kì í ṣe ẹ̀dà, nítorí pé orí ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé ẹ̀dà náà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì ṣí mélòó kan nínú àwọn fáìlì náà wò pẹ̀lú ojú wa: ìwé máàkì kan, ìwé owó kan, àwòrán kan. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí ni, kì í ṣe ẹ̀dà.

Ẹ̀kẹta, kí a yẹ ara dísìkì wò. Bí ó bá ń dún ká-ká-ká, tàbí tí fáìlì kan kọ̀ láti ṣí nígbà tí a ń ṣe ẹ̀dà, aláìsàn ni. Kí a kó ohun inú rẹ̀ kúrò, kí a má sì ṣe pín in. Bí ara rẹ̀ bá dá, kí a fi àṣẹ chkdsk pẹ̀lú /f yẹ ìwé àkójọ wò, kí ó tún ohun tí ó wọ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé a fi BitLocker ti dísìkì náà pa, kí a rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa lórí ìwé.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ iná. Kò sí ohun tí ó burú tó kí iná lọ nígbà tí fáìlì ń kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, nítorí pé ìdajì yóò wà ní ilé àtijọ́, ìdajì yóò sì wà ní ilé tuntun. Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ó sì wà lórí iná pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń jókòó sórí tábìlì, kí a so ó mọ́ bátìrì tàbí ẹ̀rọ tí yóò gbé e ró bí iná bá lọ. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a gbẹ́kẹ̀ lé, kí a wọn epo inú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN

Ẹ jẹ́ kí a mú kọ̀ǹpútà kan ṣe àpẹẹrẹ. A kọ ọ́ sí ara dísìkì rẹ̀ pé gígábáìtì 500 ni, ṣùgbọ́n Windows ń sọ pé nǹkan bí 465 ni. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a jí ìyókù. Ẹni tí ó ṣe dísìkì ka gígábáìtì kan sí báìtì bílíọ̀nù kan, Windows sì kà á sí 1,073,741,824. Òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀. Nínú 465 yìí, C gba 100, ó sì ti kún. D gba 365, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣófo. A fẹ́ kí C di 200.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Wọn a lọ sínú Disk Management, wọn a tẹ D, wọn a yan Shrink Volume, wọn a sì dín in kù. Ó ṣe é ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àyè tí ó ṣófo a jáde ní ìparí D, kì í jáde ní ẹ̀gbẹ́ C. Disk Management kò sì lè fẹ C àfi bí àyè òfìfo bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ní apá ọ̀tún. Ilẹ̀ tí ó wà ní òdìkejì oko aládùúgbò kò lè di ara oko wa láìjẹ́ pé aládùúgbò náà sún.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà. Ọ̀nà èkíní ni kí a sọ D di òfìfo. A óò kó gbogbo ohun inú D sí dísìkì ìta, a óò sì ṣí wọn wò bí mo ti wí. Lẹ́yìn náà ni a óò pa ìpín D rẹ́. Bí àyè náà bá ń jẹ́ Free space, kí a tún un pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi máa jẹ́ Unallocated. Nígbà náà ni a óò tẹ C, a óò yan Extend Volume, a óò sì fi gígábáìtì 100 kún un. Mẹ́gábáìtì ni Windows ń béèrè, 1,024 sì ni gígábáìtì kan. Nítorí náà 102,400 ni a óò kọ. Èyí tí ó kù ni a óò sọ di D tuntun pẹ̀lú New Simple Volume, a óò fún un ní lẹ́tà D bí ti tẹ́lẹ̀, a óò sì kó ẹrù padà sílé. Ọ̀nà yìí gùn, ṣùgbọ́n òun ni mo yàn fún ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀dà pípé wà ní ìta.

Ọ̀nà kejì ni kí a sún D fúnra rẹ̀. A óò fi fílásì tí GParted wà nínú rẹ̀ jí kọ̀ǹpútà, kí Windows má bàa wà lórí ìjókòó nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a ti kọ́kọ́ pa Windows tán pátápátá, pẹ̀lú bọ́tìnì Shift tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń yan Shut down, nítorí pé Windows a máa sùn lójú kan nígbà tí a rò pé ó ti kú. GParted yóò dín D kù láti iwájú, yóò sì gbé gbogbo ohun inú rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí dísìkì àtijọ́. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí, a kò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows, tirẹ̀ rọrùn jù. Kò ní láti fẹ ìpín kankan. Bí ó bá ti dín D kù, tí ó sì fi àyè tí ó jáde sílẹ̀ ní òfìfo, Linux yóò rí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó sáà ṣọ́ra nígbà tí a bá bi í léèrè ibi tí yóò gbé Linux sí, kí ó má yan èyí tí ó wí pé kí a nu gbogbo dísìkì.

Nígbà mìíràn Windows a kọ̀ láti dín ìpín kù tó bí a ti fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn fáìlì kan wà tí Windows kì í sún nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, bí èyí tí ó fi ń ran ìrántí rẹ̀ lọ́wọ́ àti èyí tí ó fi ń sùn. Wọ́n dà bí igi ìrókò ní àárín oko. Ibi tí wọ́n bá dúró sí ni ààlà yóò dúró sí. GParted a máa borí èyí, nítorí pé Windows kò sí lórí ìjókòó nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó kù. Ìpín kékeré kan tàbí méjì lè wà tí kò ní lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe pa á rẹ́ nítorí àyè díẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ni ó ń jí kọ̀ǹpútà. Bí Windows bá sì wí pé òun yóò sọ dísìkì di Dynamic, bí ó ti máa ń wí nígbà tí ìlà mẹ́rin inú ìwé ààlà àtijọ́ bá ti kún, kí a dáhùn pé rárá. Ó ṣòro láti padà lẹ́yìn rẹ̀.

BÍ ÌPÍN BÁ SỌNÙ

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìpín kan ti sọnù lójú, kí a má ṣe kọ ohunkóhun sórí dísìkì náà mọ́, kí a má sì ṣe gbà nígbà tí Windows bá wí pé kí a ṣe Format. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ pèrègún: bí ààlà bá parẹ́, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi roko lórí rẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ TestDisk a máa wá gbogbo dísìkì kiri, a sì máa tún ìwé ààlà kọ láti inú àmì tí ó bá rí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń ṣe é ṣe. Ẹni tí ó dá ọwọ́ dúró kíákíá ni ó ní ìrètí jù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí sí iṣẹ́ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìkan. Atúnkọ̀ǹpútàṣe mọ dísìkì, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fáìlì ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwa ni a mọ̀ pé nínú fáìlì kan ni máàkì ọmọ kan wà, tí yóò padà wá béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí ó bá ti di géńdé, tí kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti rí i. Nítorí náà, ẹni yòówù tí ì báà sún ààlà, ọwọ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí ẹ̀dà wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ti ṣí i wò.